Nígbà Tí Oògùn Kò Jẹ́ Mọ́

Ọdún tí wọ́n ní kí n máa wọn oògùn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba ènìyàn ní ọ̀sán gangan, nínú yàrá tí iná ń tàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì pariwo.

Apòògùn ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Bouaké, ìlú kan lókè Abidjan. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Abọ́ tánńganran ni ó ń tà kí ó tó bọ́ sídìí aṣọ. Yorùbá ni a ń sọ nílé wa ní àdúgbò Koko, Faransé ni mo fi kàwé, Dioula ni a fi ń nájà. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Màmá mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Tàntí, ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé náà. Tàntí kò bímọ, èmi ni ó fi ṣe ọmọ. Òun ni ó ń dirun fún mi, òun ni ó ń mú mi lọ sílé ìwé, tí yóò dúró lẹ́nu géètì títí agogo yóò fi lù. Aṣọ àǹkárá ni ó ń tà ní ọjà ńlá, ó sì máa ń kó ẹrù lọ sí Djébonoua àti Diabo ní ọjọ́ ọjà wọn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà yẹn. Bí ó bá rẹ́rìn-ín ní ìsọ̀ rẹ̀, ẹni tó wà ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran á gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, dókítà àgbà tí ó ń mójú tó àwọn àrùn tí ń ràn ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin ẹ̀yà Baoulé ni, ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bo fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ débi pé oòrùn tó ń wọlé pọ́n bí ìdọ̀tí.

"Ẹ jókòó, madámù," ni ó wí. "Ta ló mọ iye antibiótíìkì tí a ń lò nílé ìwòsàn yìí?"

"Mo mọ iye tí mò ń gbà wọlé, dókítà."

"Iye tí ń wọ ara aláìsàn ni mo bi yín."

Ó wá là á yé mi bí ẹni pé n kò lọ sílé ìwé rí, inú kò sì bí mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Antibiótíìkì ni oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn: ti egbò tó kẹ̀, ti ikọ́ tó wọ àyà lọ, ti ìtọ̀ tó ń ta ni. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá ń pàdé oògùn kan ní gbogbo ìgbà, tí kò sì kú tán, àwọn tó ṣẹ́kù á mọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Wọ́n á bímọ, ọmọ náà á mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan a ó fún aláìsàn ní oògùn, yóò sì dà bí ìgbà tí a fún un ní omi.

"Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó dín in kù," ni dókítà wí, "nígbà tí mi ò mọ iye tó ń lò. Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n."

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n kò le. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà kan máa ń lò lóòjọ́ nínú oògùn kọ̀ọ̀kan ni a mú ṣe òṣùwọ̀n, bí ìgbà tí wọ́n fi kóńgò wọn àgbàdo. A ó wo iye òṣùwọ̀n tí wọ́ọ̀dù kan lò lóṣù, a ó sì pín in sí iye ọjọ́ tí àwọn aláìsàn fi sùn níbẹ̀. Báyìí a lè fi wọ́ọ̀dù kan wé èkejì, a sì lè fi oṣù yìí wé oṣù tó kọjá. Mo ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn lárààárọ̀, mò ń wo ohun tí wọ́n gún fún aláìsàn gan-an, kì í ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gún.

Kò pẹ́ kí ọ̀ràn náà tó hàn. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ó lágbára ju àwọn yòókù lọ, èyí tó yẹ kí a fi pamọ́ di ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti kùnà. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ń lò ó fún ẹni tí egbò rẹ̀ kẹ̀ àti ẹni tí tirẹ̀ kò kẹ̀. A lọ bá oníṣẹ́ abẹ àgbà, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dára, tí gbogbo ìlú ń bu ọlá fún. Kò jẹ́ kí a jókòó.

"Ẹ̀yin ń wọn oògùn," ni ó sọ fún mi, "ènìyàn ni èmi ń wò. Bí egbò aláìsàn mi bá ń rùn, ṣé òṣùwọ̀n yín ni yóò wẹ̀ ẹ́?"

Dókítà mi ni ó dá a lóhùn. "Bí a bá lò ó tán lórí egbò tí kò nílò rẹ̀, kí ni ẹ máa gún fún èyí tó nílò rẹ̀?"

Ọkùnrin náà jáde lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó tó oṣù kan kí ó tó gbà. Láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ yẹn wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ń tì pa, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á àfi tí dókítà bá kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò pẹ̀lú ojú rẹ̀.

Ìlò rẹ̀ lọ sílẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tó di òpin ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá ilé ìwòsàn pe gbogbo wa jọ, wọ́n fi ìlà tí a fà láti fi ya ìlò náà hàn lára ògiri bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wa. Wọ́n pín bísáàpù, ìyẹn omi ìṣápá tútù. Oníṣẹ́ abẹ náà rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́, ìyẹn ọkùnrin tí ó ń mójú tó ilé àyẹ̀wò. Aláwàdà ènìyàn ni, ó máa ń bi mí ní Dioula bóyá Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, ti ra gbogbo Bouaké tán. Lọ́jọ́ yẹn kò ṣe àwàdà. Ó kàn fọwọ́ kàn mí léjìká bí a ṣe ń jáde.

"Ẹ yà sọ́dọ̀ mi."

Ó gbé àwọn abọ́ pẹlẹbẹ kéékèèké jáde kúrò nínú ẹ̀rọ, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Kòkòrò àrùn tó wá láti ara aláìsàn ni ó máa ń tàn ká inú abọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó tó to bébà róbótó tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn lé e lórí, oògùn kọ̀ọ̀kan ní bébà tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kòkòrò á ti hù bo gbogbo abọ́, bí awọ ṣe máa ń bo ojú ẹ̀kọ gbígbóná. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá jẹ́, àyíká bébà rẹ̀ yóò mọ́ kedere, kòkòrò kò ní lè súnmọ́ ọn. Àyíká yẹn ni a ń wá. Nínú àwọn abọ́ tí ó tò síwájú mi, àwọn kòkòrò ti hù dé etí bébà. Lórí àwọn kan, wọ́n ti gun orí rẹ̀.

"Ti wọ́ọ̀dù wo nìyí?" ni mo bi í.

"Kì í ṣe ti wọ́ọ̀dù kankan. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn yìí wọlé gan-an ni a gbà á lára wọn. Wọn ò tíì sùn sórí ibùsùn wa rí. Ilé wọn ni wọ́n ti gbé e wá."

Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà tutù ń kùn lókè orí wa. Mo ṣì ń gbóòórùn bísáàpù lọ́wọ́ mi.

Mo sọ fún dókítà lọ́jọ́ kejì. "Ibùsùn nìkan ni a ń wọ̀n," ni ó wí. "Àwọn tí kì í sùn síbí ńkọ́?"

Àwọn tí kì í sùn pọ̀ ju àwọn tí ń sùn lọ. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń tò sórí bẹ́ǹṣì lápá kejì ilé ìwòsàn wa; dókítà á gbọ́ tẹnu wọn, á kọ ọ̀dọnáàsì fún wọn, ìyẹn ìwé oògùn, wọ́n á sì lọ rà á níta. Oògùn wọn kò gba inú kọ́bọ́ọ̀dù mi kọjá rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mò ń bẹ ẹni tó bá ń jáde pé kí n wo ìwé rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni mẹ́wàá tó ń jáde, ó ṣòro kí n tó rí ẹni mẹ́ta tí kò gba antibiótíìkì. Ọmọ tó ń húkọ́, wọ́n kọ ọ́ fún un. Ìyá tí orí ń fọ́, wọ́n kọ ọ́. Àwọn aláìsàn wọ́ọ̀dù tí wọ́n dá padà sílé kí wọ́n má baà lo abẹ́rẹ́ mọ́, oògùn oníhóró ni wọ́n kó fún wọn lọ sílé, ẹ̀kún ọwọ́.

Nígbà tí a wá fi ti apá ìhín àti ti apá ọ̀hún sójú kan náà, ìlà àwọn tí ń sùn ń lọ sílẹ̀, ìlà àwọn tí kì í sùn ń gòkè. Oògùn náà kò dín kù rárá. Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ó gbà jáde.

Dókítà ní kí a tẹ̀ lé ipa oògùn náà. A kọ́kọ́ lọ sí Djébonoua, èmi àti awakọ̀ ilé ìwòsàn, láti wo bí wọ́n ṣe ń lò ó ní ilé ìtọ́jú kékeré tó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń dá ibẹ̀ ṣe. Ó gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, kò sì fi nǹkan pamọ́ fún mi.

"Ẹni tó bá ti ní ibà tí kì í ṣe ti ẹ̀fọn, èyí ni mo ń fún un," ni ó wí, ó tọ́ka sí páálí kan. "Mi ò ní ilé àyẹ̀wò. Mi ò mọ èyí tó ń ṣe é."

"Bí ẹ kò bá fún un ní nǹkan kan ńkọ́?"

"Á lọ sọ́jà." Ó nawọ́ sí ojú ọ̀nà. "Ọjà ò jìnnà, madámù. Níbẹ̀ wọn kì í bi í ní ohun tó ń ṣe é."

Ọjọ́ ọjà ni. A rìn dé ibẹ̀. Wọ́n kó iṣu jọ gègèrè lẹ́bàá títì, mọ́tò ńláńlá tó ń lọ sí Abidjan ń fẹ́ eruku sí wa lójú. Lábẹ́ igi máńgòrò, obìnrin kan gbé abọ́ ńlá lé itan, oògùn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: funfun, aláwọ̀ ewé, kápúsù tí apá kan rẹ̀ pupa tí apá kejì sì jẹ́ yẹ́lò. Oòrùn ti ń ràn wọ́n láti òwúrọ̀. Àwọn èèyàn dúró yí i ká. Mo gbọ́ ẹ̀rín kan, mo sì mọ ẹ̀rín náà kí n tó rí ẹni tó ni ín. Tàntí ni. Ó fi eyín já ọ̀rá omi tútù, ó da kápúsù mẹ́ta sẹ́nu, ó mu omi lé e.

"Tàntí, kí lẹ mu yẹn?"

"Háà, ọmọ mi! Kí lo wá ṣe níbí?" Ó dì mọ́ mi, ara rẹ̀ gbóná. "Má dá mi lóhùn. Ìtọ̀ ló ń ta mí. Bí mo bá jókòó láti tọ̀, bí ata ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bí mo bá ti lo èyí, á lọ."

"Ta ló ní kí ẹ máa lò ó?"

"Dókítà yín ni!" Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ bébà kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí mẹ́rin jáde. Ọ̀dọnáàsì ilé ìwòsàn wa ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti kọ ọ́ fún un. "Mo fi rà á nígbà àkọ́kọ́ ní fàmasí, ó jẹ́. Láti ìgbà yẹn, mo mọ àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti tún dé, mo mọ ohun tí mo máa rà. Bí ara bá ti yá, mo dá a dúró, mo tọ́jú ìyókù. Ẹni tí nǹkan ń ṣe nílé, mo fún un."

Nínú òṣùwọ̀n mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n óò ka ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ti rìn kiri gbogbo ọjà tó wà lójú ọ̀nà náà láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó mọ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi lọ sí ilé àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì. Ó ní lẹ́yìn Iléyá, pé àwọn oníbàárà òun ń bọ̀ wá kó aṣọ ọdún. Mo tún sọ ọ́ fún un nílé, lójú màmá mi. Ó ní òun ti gbọ́. Iléyá dé, Iléyá kọjá. Ara rẹ̀ yá, ó sì ní kí ni òun ń wá lọ́dọ̀ dókítà tí nǹkan kan kò ṣe òun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni màmá mi pè mí sórí fóònù níbi iṣẹ́. Kò kí mi. "Máa bọ̀ nílé. Tàntí rẹ ń gbọ̀n, kò mọ ẹni tí èmi jẹ́ mọ́."

Mo bá a lórí ẹní, aṣọ bí mélòó kan lórí rẹ̀ nínú ooru, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ń kí mi bí ẹni ń kí oníbàárà, ó ń na aṣọ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi pé kí n fọwọ́ kàn án, pé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí. Èmi àti màmá mi gbé e sínú táksì. Dókítà mi fúnra rẹ̀ ni ó gbà á sí wọ́ọ̀dù. Ó ní àrùn tó wà nínú ìtọ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń lò. Ibà náà kò mira.

Ọkùnrin ilé àyẹ̀wò máa ń ránṣẹ́ pè mí ni bí èsì bá dé. Lọ́tẹ̀ yìí òun ló wá. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, kò wọlé.

"Ọ̀kan ló kù," ni ó wí. "Èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín."

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Bí n kò bá lè ṣàlàyé nǹkan mìíràn nípa iṣẹ́ tí a ṣe, mo lè ṣàlàyé ìyẹn: abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ tó bá wa jà lọ́jọ́ kìíní wá wo Tàntí lórí ibùsùn nígbà tí ó gbọ́ pé èèyàn mi ni. Ó wo ìgò omi tó ń kán sí i lára, ó ní, "Ó dára tí ó ṣì kù." Lẹ́yìn náà ó yí padà lọ.

Ó jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́. Tàntí la ojú ní òwúrọ̀ kan, ó mọ̀ mí, ó sì ní ta ló mú aṣọ òun lọ́jọ́ tí òun kò sí. Ó béèrè ẹ̀kọ. Nígbà tí ó lè jókòó, mo bá a tí ó ń fún obìnrin ibùsùn kejì ní kápúsù láti inú àpò rẹ̀, nítorí pé obìnrin náà ń húkọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọdé.

"Ṣé àánú ò ṣe ọ́ ni?" ni ó bi mí.

Ó padà sílé. Ní àsìkò yẹn ni dókítà fi ìlà méjèèjì han ọ̀gá ilé ìwòsàn pa pọ̀, ti ibùsùn àti ti bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ohun tí mo rí ní Djébonoua àti ní Diabo tí a lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí àtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà béèrè bóyá ó dá wa lójú. Dókítà ní kò dá wa lójú, pé ohun tó wà ní ọjà lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọjà kò ṣeé wọ̀n. Wọ́n gbà pé dókítà kò gbọdọ̀ kọ antibiótíìkì fún ikọ́ lásán mọ́, pé fàmasí gbọdọ̀ gba ọ̀dọnáàsì lọ́wọ́ ẹni tó bá ti fi ra oògùn tán. Wọ́n ní kí n lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìlú ní Faransé àti Dioula. Mo lọ. Àwọn èèyàn pè wọlé, wọ́n dúpẹ́, ẹnì kan béèrè àwọ̀ oògùn tí mo rò pé ó dára jù.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ibà Tàntí padà dé. Ìtọ̀ kò tíì ta á pẹ́ kí ó tó sọ. Mo ti kọ́ ọ, ó pè mí lójú ẹsẹ̀. "Mi ò lo nǹkan kan o," ni ó wí, kí n tó bi í. "Mo ṣe bí o ṣe wí." Ibùsùn kan náà ni ó bọ́ sí. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kìíní, ibà ń gun òkè. Ní ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọkùnrin ilé àyẹ̀wò tún wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, mo sì rí i lójú rẹ̀ kí ó tó la ẹnu.

Oògùn àtijọ́ kan ṣì wà, èyí tí àwọn dókítà ti pa tì nítorí pé ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Kò sí ní Bouaké. Mo pe Abidjan títí mo fi rí i, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí wa nínú ọkọ̀ èrò, mo sì dúró ní gáréjì nínú òjò títí ọkọ̀ fi dé. Wọ́n gún un fún un. Ibà rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ wú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó ní kí n tẹ́tí.

"Ṣé wọn ò rí oògùn náà rà ni?" ni ó bi mí.

"Wọ́n rí i rà, Tàntí."

"Kí ló wá dé?"

Mo sọ fún un pé kò jẹ́ ni. Ó ronú sí i. Ó fẹ́ mọ bí oògùn kan náà ṣe lè jẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó má jẹ́ mọ́, bóyá wọ́n ti ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Mo ní rárá, pé oògùn kò yí padà, kòkòrò ni ó yí padà. Ó di ọwọ́ mi mú. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán, ó ti kú, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kún ilé wa fún fìdáù. Lẹ́yìn àdúrà, bàbá àgbàlagbà kan tí òun àti bàbá mi jọ wọ ìlú yìí pè mí sí àárín.

"Ìwọ tí ò ń ṣiṣẹ́ ní lopitáàlì," ni ó wí, "kí ló pa á? Gbogbo ènìyàn ń sọ tirẹ̀. Sọ ọ́ fún wa."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Mo sọ nípa ọ̀dọnáàsì tó gbó, nípa kápúsù ọjà, nípa àwọn dókítà wa tí wọ́n ń kọ ọ́ fún ohun gbogbo, nípa kòkòrò tó kẹ́kọ̀ọ́.

"Ṣé ó ń ràn?" ni bàbá náà bi mí.

"Ó lè ràn, bàbá. Ó lè wà nínú ìfun ènìyàn kí nǹkan kan má sì ṣe é. Ẹni tó gbé e lè má mọ̀."

Mo rí i bí àwọn obìnrin tó jókòó lápá ògiri ṣe ń wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, alájọṣe Tàntí ní ọjà, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Òun ló fún mi ní èyí tí mo lò nígbà tí eyín ń ro mí." Òmíràn ní ọmọ òun ló fún. Òmíràn kàn dìde, ó lọ fi omi ṣan ọwọ́ rẹ̀ títí. Bàbá náà ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, gbogbo wa ṣàmín, wọ́n sì gbé oúnjẹ jáde.

Bí mo ṣe ń kó abọ́, màmá mi fà mí lápá wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"N kò fẹ́ sọ ọ́ lójú wọn," ni ó wí. "Ó ti ń ta mí bí mo bá ń tọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ṣé ẹ ti lo nǹkan kan, Màmá?"

Ó wo ilẹ̀. "Ìyókù ti àbúrò mi."

Mo mú un lọ sí ilé àyẹ̀wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkùnrin náà gba ìgò ìtọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó kí i kú ọ̀fọ̀, kò wojú mi. Ní gbogbo àkókò tí a fi ń retí èsì, mo ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn, mò ń wọn oògùn, n kò sì mọ ohun tí mo ń kà. Nígbà tí èsì dé, kòkòrò tó wà lára màmá mi kì í ṣe ti Tàntí gan-an, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ ni. Ó ti bo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn bébà inú abọ́ náà. Àyíká méjì ló ṣẹ́kù tó mọ́.

A lo ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó jẹ́. Màmá mi gbádùn. Ní ọjọ́ tí dókítà ní kí ó máa lọ sílé, a dúró lẹ́bàá títì lẹ́nu ilé ìwòsàn, à ń wá táksì. Àwọn èèyàn ń jáde láti apá bẹ́ǹṣì, ìwé lọ́wọ́ wọn. Wọn kò pọ̀ tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìlà yẹn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Ìlà ilé àyẹ̀wò, ti àwọn kòkòrò tí oògùn kò lè pa mọ́, kò tíì sọ̀kalẹ̀.

"Èyí tí wọ́n fún mi yìí," ni màmá mi wí, "bí ó bá tún padà dé, tí kò jẹ́ mọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀kan ṣì kù, Màmá."

Ó mi orí. Táksì kan dúró níwájú wa, mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó sì yíjú padà sí mi.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"